Bàbá Oníkáàdì Dáhùn: Ṣé Ká Já A, Àbí Ká Fi Í Sílẹ̀ Bẹ́ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Oníkáàdì, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa jáde láyé lọ́dún tó kọjá. Ọdún 1981 ni wọ́n dé Houston láti wá kàwé, wọ́n sì fẹ́ràn Akeem Olajuwon, ọmọ Nàìjíríà tó gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n bí i. Nígbà tí à ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́, a rí àpò ìwé kan ní ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ wọn. Pákẹ́ẹ̀tì káàdì Fleer mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ti bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ọdún 1986, ẹnikẹ́ni ò tíì já wọn. Bàbá fi bírò kọ ọ́ sára àpò náà pé: "Ti Akeem. Oṣù Kejìlá 1986." Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká tà wọ́n, ká pín owó. Àbúrò mi ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé ká jókòó ti fọ́tò bàbá, ká já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá a ó rí Akeem tí bàbá ń wá. Èmi tí mo wà láàárín ò mọ ẹ̀yìn ẹni tí mo máa wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá.
Ọmọbìnrin Alief, Houston

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá yín sí afẹ́fẹ́ rere. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn: ẹ má ju àpò ìwé yẹn nù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta pákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni kò lè sọ ọwọ́ tó ti kọjá. Ẹ̀yin mọ̀ pé bàbá yín ló rà á ní ṣọ́ọ̀bù, pé ó gbé e sínú àpótí, àti pé àpótí náà kò kúrò nínú ilé. Ẹ ya fọ́tò àpò náà, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn sáà 1981 sí 1982 ni ilé-iṣẹ́ Topps pa káàdì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tì. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Star wá ń ṣe tirẹ̀ láàárín 1983 sí 1986, inú ọ̀rá ló ń kó o sí. Nígbà tí Fleer, àwọn ará Philadelphia tí ń ṣe ṣingọ́ọ̀mù, gbé tiwọn jáde fún sáà 1986 sí 1987, ṣe ni wọ́n kó gbogbo ọ̀dọ́ tó ti ń jó lórí pápá láti bí ọdún mélòó kan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: Michael Jordan, Barkley, Ewing, Karl Malone, Isiah Thomas, Dominique Wilkins. Àwọn ọmọ University of Houston méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mo sì lè búra pé bàbá yín mọ àwọn méjèèjì bí ẹni mọ ọmọ àdúgbò. Clyde Drexler ni káàdì 26, Akeem ni káàdì 82. Jordan ni 57. "Akeem" ni wọ́n kọ sára káàdì náà, torí ọdún 1991 ni ọkùnrin náà tó fi "H" síwájú orúkọ rẹ̀. Káàdì àkọ́kọ́ tí irú ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe fún agbábọ́ọ̀lù ni ọjà máa ń wá jù, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń sáré tẹ̀lé Fleer ọdún yẹn. Nígbà tó wà lórí kàǹtà, kò tà. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń wá bí wọ́n ṣe máa gbé e kúrò níwájú wọn ni.

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Káàdì 12, sítíkà kan àti ṣingọ́ọ̀mù kan ló wà nínú pákẹ́ẹ̀tì. Káàdì 132 ni gbogbo wọn lápapọ̀, sítíkà sì jẹ́ 11. Tí a bá gbà pé wọ́n pò ó dáadáa, káàdì Akeem yóò máa jáde nínú ẹyọ kan láàárín pákẹ́ẹ̀tì 11. Ẹ̀yin ní mẹ́ta. Ìyẹn ni pé bí ìdílé mẹ́rin bá jókòó ti fọ́tò bàbá wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan já pákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ìdílé kan péré ló máa rí Akeem. Àwọn mẹ́ta yòókù á máa wo àwọn agbábọ́ọ̀lù tí bàbá kò dárúkọ wọn rí láyé rẹ̀. Ti Jordan náà kò yàtọ̀, ìṣírò kan náà ni. Sítíkà Akeem wà pẹ̀lú, òun ni nọ́ńbà 9, ẹ̀yìn ti Jordan gan-an, bó ṣe ṣòro ó rí kò sì yàtọ̀.

Bí ẹ bá tiẹ̀ rí i, ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Lọ́dún 1986, ẹ̀rọ tó ń gé káàdì wọ̀nyí kì í sábà gé e sí àárín. Etí rẹ̀ aláwọ̀ pupa àti búlúù yẹn máa ń bó, àwọ̀ funfun ìsàlẹ̀ á yọ. Ṣingọ́ọ̀mù tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún á ti fi àbàwọ́n sára ohun tó bá fara tì í. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàdì Jordan ọdún yẹn tí PSA, ilé-iṣẹ́ tí ń yẹ káàdì wò, tí ń fún un ní máàkì, tí ń fi í sínú ike, ti yẹ̀ wò, àwọn tó gba máàkì 10, èyí tó ga jù, kò ju 300 àti díẹ̀ lọ. Irú wọn ni wọ́n ta ní gbàǹjo ní oṣù Kìíní 2021, tó lọ ní $738,000. Kí ọdún náà tó parí, irú káàdì kan náà, máàkì kan náà, ti já wálẹ̀ gidigidi. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń retí pé yóò ra pákẹ́ẹ̀tì yín mọ gbogbo èyí. Ó ṣì máa san ẹgbẹ̀rún mélòó kan dọ́là lórí ẹyọ kan, nítorí ohun tí kò tíì rí. Jordan ló ń san owó náà fún. Kò ro ti Akeem rárá.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àwa ní ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọjà káàdì Amẹ́ríkà ò gbọ́ òwe yẹn rí. Lọ́dún 1984, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù, Akeem tí Houston Rockets mú ló ṣe àkọ́kọ́, Jordan tí Chicago Bulls mú ló ṣe ẹ̀kẹta. Akeem gba ife NBA ti 1994, ó gba ti 1995. Síbẹ̀, owó pákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò tíì já yóò ra káàdì 82 tó mọ́ tónítóní, tó ti wà nínú ike PSA, fún ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó á sì ṣẹ́ kù. Inú èmi kò dùn sí i pé ọmọ wa pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ fún ẹ̀yin, ire ni. Ẹni tó bá fẹ́ Akeem, kó lọ ra Akeem. Ẹ má já ìrètí Jordan láti fi wá a.

Àbúrò rẹ á ní kì í ṣe ohun tí òun ń sọ nìyẹn. Mo mọ̀. Ohun tó fẹ́ ni pé kí ọwọ́ òun parí ohun tí ọwọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀, n kò sì ní bá a jà. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ fi ń wá ìpinnu kan fún ohun mẹ́ta? Pákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ọmọ mẹ́ta. Ẹ pín in bí a ṣe ń pín ogún nílé: kí ẹ̀gbọ́n mú tirẹ̀, kí ìwọ mú tìrẹ, kí àbúrò mú èyí tó kù. Ẹni tó bá fẹ́ tà, kó tà. Ẹni tó bá fẹ́ já, kó já. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i, pé ohun tó bá jáde nínú pákẹ́ẹ̀tì àbúrò, ti àbúrò ni. Mo tẹnu mọ́ èyí torí mo ti rí bó ṣe ń rí. Tí ó bá já a tó bá káàdì lásán, gbogbo yín á rẹ́rìn-ín. Tí Jordan bá yọjú, ẹ̀gbọ́n tó ti ta tirẹ̀ á rántí lójijì pé ogún àjọní ni.

Fún ẹ̀gbọ́n: kó má tà á fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá pè é. Kó fi ránṣẹ́ sí PSA, wọ́n á yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n á fi í sínú ike, wọ́n á fún un ní máàkì. Lẹ́yìn náà ni kó gbé e lọ sí gbàǹjo. Kó tún bi oníṣirò owó-orí léèrè kó tó tà á. Lójú ìjọba Amẹ́ríkà, nǹkan àkójọ ni, owó-orí lórí èrè irú rẹ̀ tí a ti ní fún ju ọdún kan lọ lè tó ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n nítorí pé ogún ni, iye tó tó lọ́jọ́ tí bàbá kú ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ìṣírò láti orí rẹ̀, kì í ṣe sẹ́ǹtì díẹ̀ tí bàbá san ní 1986. Nítorí náà, ẹ wá iye tí irú rẹ̀ ń lọ ní oṣù tí bàbá kú, kí ẹ tọ́jú ẹ̀rí rẹ̀.

Fún àbúrò: kó fọ ọwọ́, kó nù ún gbẹ, kó má fi òróró tàbí ìpara kankan sára. Kó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Ẹ̀yìn ni ìwé náà ti lẹ̀ mọ́ra, kó rọra fi èékánná gbé e, kó má fà á ya, torí ìwé pákẹ́ẹ̀tì gan-an ní ẹni tó ń rà á. Ṣingọ́ọ̀mù á ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kó gbọ̀n ọ́n dànù kó tó fọwọ́ kan káàdì, kó má sì jẹ ẹ́, ohun yòówù kí ó rí lórí fídíò. Kó máa fa káàdì sí ẹ̀gbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má tò wọ́n gbàràjà lọ́wọ́ bí ẹni ń ta wọ́ọ̀tù. Kó ti ra ọ̀rá káàdì àti ike líle sílẹ̀ ṣáájú.

Fún ìwọ: bí mo bá jẹ́ ìwọ, mo máa fi tèmi sílẹ̀ bó ṣe wà. Kì í ṣe nítorí owó. Àbúrò rẹ á ti já tirẹ̀, ẹ ó ti rí bó ṣe ń rí, ẹ̀gbọ́n rẹ á ti ra káàdì Akeem fún yín tí ojú kò bá tì í. Kí ẹyọ kan ṣì wà bí bàbá ṣe fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n má gbé e sínú gáréèjì. O mọ oòrùn Houston. Ìda tí wọ́n fi pa ìwé náà á yọ́, á sì wọnú káàdì. Inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ ni kó wà, kó jìnnà sí ilé ìwẹ̀ àti fèrèsé.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, mo rí pákẹ́ẹ̀tì Fleer 1986 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń tà á ní inú ilé ìyá àgbà òun ni òun ti rí i. Kò sí nínú ike kankan, owó rẹ̀ sì dín gan-an sí ti àwọn tó wà nínú ike. Kò wù mí kí n já a, mo kàn fẹ́ ní in ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọn ò tíì já a rí?
Ọmọ Ìjẹ̀bú, Maryland

ÌDÁHÙN: Ìyá àgbà yẹn ti bí ọmọ púpọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ mi, gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìwé tí wọ́n fi ìda pa ni pákẹ́ẹ̀tì ayé ìgbà náà. Ooru ni ilé-iṣẹ́ fi ń lẹ̀ ẹ́. Ohun tí ooru lẹ̀, ooru lè tú, áyọ́ọ̀nù aṣọ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán sì lè tún un lẹ̀ padà. Wọ́n á yọ Jordan, wọ́n á fi ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rọ́pò, wọ́n á lẹ̀ ẹ́. Kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí ìda ti lẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú kan. Tí o bá rí ìlà méjì, tàbí ojú ìṣẹ́po tí kò bá ibi tí ìwé ṣẹ́ sí mu, wọ́n ti tú u. Tí o bá rí gọ́ọ̀mù tàbí sẹ̀lótéèpù, ìwọ náà mọ ohun tó yẹ kó o ṣe. Ṣingọ́ọ̀mù máa ń tẹ ojú ara rẹ̀ sára ìwé láti inú wá. Tí ojú yẹn bá wà níbì kan, tí ṣingọ́ọ̀mù wà níbòmíràn, bi í léèrè ẹni tó gbé e kúrò. Àmọ́ kì í ṣe inú fọ́tò ni ìwọ yóò ti rí gbogbo èyí.

Ọgbọ́n kejì ló burú ju àkọ́kọ́ lọ, torí kò sí irọ́ nínú pákẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Pákẹ́ẹ̀tì 36 ló wà nínú páálí kan, ìyẹn káàdì 432. Pín in sí 132, ó lé díẹ̀ ní mẹ́ta. Nítorí náà, Jordan mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ènìyàn ń retí nínú páálí kan. Oníṣòwò kan á ra páálí tó pé, á bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Tí Jordan mẹ́ta bá ti jáde nínú àwọn tó kọ́kọ́ já, á dáwọ́ dúró, á wá ta ìyókù lẹ́yọ lẹ́yọ. Kò sẹ́ni tó já wọn rí lóòótọ́, ike PSA á gbà wọ́n, máàkì wọn á sì dára. Ọbẹ̀ ni wọ́n ń tà fún ọ, ẹran ti tán nínú ìkòkò. Àwọn tó ń ta pákẹ́ẹ̀tì ọlọ́ràá ti Topps àtijọ́ tún ń ṣe é ní ọ̀nà mìíràn. Èyí tí ọ̀rá rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, tí káàdì òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń hàn, ẹni tó bá ti mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń to káàdì tẹ̀lé ara wọn lè wo méjì yẹn kó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tó wà láàárín.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ fi máa ń fẹ́ odidi páálí, èyí tí ilé-iṣẹ́ ayẹ̀páálíwò bíi BBCE ti yẹ̀ wò, tó sì fi ọ̀rá tirẹ̀ wé. Ìyẹn náà, ènìyàn ni wọ́n, ojú ni wọ́n fi ń wò ó. O lè rántí Logan Paul tó san $3.5 mílíọ̀nù fún páálí káàdì Pokémon àkọ́kọ́, tí àwọn tó mọṣẹ́ ti fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n tú u ní oṣù Kìíní 2022, káàdì G.I. Joe ló wà nínú rẹ̀. Ṣé o rí i? Bí wọn ò bá já a, títí dòní ni à bá máa pè é ní Pokémon.

Ìwọ tí o ní o kàn fẹ́ ní in, tí o kò ní já a, ọ̀rọ̀ rẹ rọrùn ju bí o ṣe rò lọ. Ra èyí tó wà nínú ike, san owó tó tọ́, kí o sì mọ̀ pé Jordan lè ti bá páálí lọ. Tó bá jẹ́ pé o mọ̀ nínú ọkàn rẹ pé lọ́jọ́ kan, lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ìka á yún ọ, má rà á rárá. Owó tí o ní yẹn, ra káàdì tí o lè rí ojú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ mi ra páálí káàdì NBA Hoops ti 1990 sí 1991 níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ilé. Ó ní ká má fọwọ́ kàn án, pé owó yunifásítì àwọn ọmọ ni. Àwọn ọmọ sì ń sunkún pé kí á já a. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ìbejì, Chicago

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kí bàbá wọn. Ẹ já a.

Láàárín ìparí àwọn ọdún 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ilé-iṣẹ́ rí i pé àgbà ti ń ra káàdì pamọ́ bí ẹní ra ilẹ̀, ni wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ láìdáwọ́ dúró. Gbogbo ènìyàn ló fi páálí pamọ́, gbogbo páálí ló wà síbẹ̀ títí di òní. Ohun tó bá pọ̀ tó báyìí kò lè di owó yunifásítì. Owó páálí yẹn kò ju owó tí ẹ fi ń gbé gbogbo yín lọ jẹun níta lẹ́ẹ̀kan.

Kí àwọn ìbejì wá káàdì 205, Mark Jackson ti New York Knicks. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wo Mark Jackson, ẹ wo àwọn tó jókòó lẹ́bàá pápá lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn arákùnrin Menendez méjì ni, àwọn tó pa òbí wọn ní Beverly Hills ní oṣù Kẹjọ 1989, níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù kí ọlọ́pàá tó mú wọn. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Bóyá kí ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí àwọn ọmọ kí ẹ tó sọ ìtàn náà fún wọn. Akeem náà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ Rockets, tí ẹ bá fẹ́ ìtàn tó dára jù ìyẹn.

Ohun kan péré: bí ẹ bá tún rí páálí mìíràn lẹ́yìn èyí, tó jẹ́ ti àwọn káàdì tó ń dán, bíi Upper Deck tàbí Stadium Club ọdún wọ̀nyẹn, ẹ tètè já wọn. Tí ọ̀rinrin bá wọ ibi tí wọ́n wà, ìdán ojú wọn á lẹ̀ mọ́ ara wọn, páálí á di bíríkì. Irú ìyẹn, ìpamọ́ ló ń bà á jẹ́.

Àwọn tó bi mí nípa pákẹ́ẹ̀tì sítíkà Panini ti ife àgbáyé, mo rí lẹ́tà yín. Ẹ fi fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́, níbi tí ó ti lẹ̀. Iwájú tí gbogbo yín ń fi ránṣẹ́ sí mi kò wúlò fún mi.